Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: òfin wo la lè ṣe fún gúrúùpù akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní di ìdínilẹ́nu?

Gègé_Wúrà · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Mo wà lára àwọn ádímìn gúrúùpù WhatsApp ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ní yunifásítì. A lé ní 600 níbẹ̀, látorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dórí àwọn tó wà ní àṣekágbá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Èsì ìdánwò kan jáde, ọ̀pọ̀ ló fìdí rẹmi. Ọmọkùnrin kan wá lẹ orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ àwòrán olùkọ́ tó ni iṣẹ́ náà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tí kò wá kọ́ni ló fún wa ní òdo." Ẹ̀rín sọ. Ọmọbìnrin kan ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé olùkọ́ yẹn wá, àwa la ò wá. Háà! Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wá máàkì tí ọmọbìnrin náà gbà jáde, wọ́n ti lọ kó fọ́tò rẹ̀ wá láti Facebook, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè tẹ̀ síbí. Ó fi gúrúùpù sílẹ̀. Ẹnì kan sì ti ya gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì.

Olórí ẹ̀ka pe àwa ádímìn, ó ní ká kọ òfin wá kí oṣù tó parí. Ohun tó fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni pé: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àrífín tàbí ọ̀rọ̀ tó lè bí ẹlòmíràn nínú." Àwọn kan nínú wa ní ìdínilẹ́nu nìyẹn. Àwọn yòókù ní ó tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Èmi ò mọ èyí tí n bá mú. Ẹni tó bá ti bá irú ẹ̀ pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Adákẹ́dájọ́ · 8:31 alẹ́

Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹ ti ẹnu gúrúùpù pa. WhatsApp ní ètò tó jẹ́ pé ádímìn nìkan ló lè kọ nǹkan. Ìfilọ̀ ni gúrúùpù wà fún, kì í ṣe ibi àpárá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Tẹ́tẹ́rẹ́gún · 8:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Adákẹ́dájọ́, òwe yẹn náà ni wọ́n fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ látọjọ́ tó ti pẹ́.

A ti ti tiwa pa rí, nígbà ìdìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn kan ti ṣí òmíràn sí Telegram. Kò sí ádímìn tó lórí pípé níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń bú kò sì sí níbẹ̀ láti dáhùn. Ẹni tó máa béèrè ìwé tí kò rí, ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan, gbogbo wọn ló fara gbá a. Èébú ò dínkù, ibòmíràn ló kó lọ.

Ọmọ_Amòfin · 9:22 alẹ́

Àbúrò Gègé, kí n kọ́kọ́ bi ọ́: ti ìjọba ni yunifásítì yín àbí ti aládàáni? Ìbéèrè yẹn máa ń yí ẹjọ́ padà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ẹjọ́ yìí ti pọ̀, ìjọba ni Àtúnṣe Kìíní inú òfin orílẹ̀-èdè wọn, èyí tó ń dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀, dè lọ́wọ́. Yunifásítì ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀, ti aládàáni kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Harvard, tó jẹ́ ti aládàáni, fi ráyè gba ìwé ìwọlé padà lọ́wọ́ ó kéré tán èèyàn mẹ́wàá lọ́dún 2017 nítorí yẹ̀yẹ́ burúkú tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn nínú gúrúùpù Facebook. Wọn ò tíì dé kíláàsì rárá.

Ní ti gbólóhùn olórí ẹ̀ka yín, irú rẹ̀ ti dé ilé ẹjọ́ rí, ó sì ṣubú. Lọ́dún 1969, Yunifásítì Missouri lé akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń pín ìwé ìròyìn nínú ọgbà. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ burú kọjá sísọ, ọ̀rọ̀ rírùn sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1973, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n gbà á padà, pé yunifásítì ìjọba ò lè torí pé nǹkan kan kò bójú mu nìkan kó ní kí wọ́n má tan èrò kálẹ̀.

Èyí tó tún sún mọ́ ti yín jù ni ti Michigan. Lọ́dún 1988, yunifásítì náà ṣe òfin pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ẹlòmíràn bú u. Wọn ò ṣe é láti fi jẹni níyà lásán o, ọ̀rọ̀ ìríra sí àwọn adúláwọ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà náà gan-an. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá fún oyè gíga gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá jíròrò nínú kíláàsì àwọn àbá tó ní ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti inú ara wá, ẹnì kan lè fẹ̀sùn kàn án. Lọ́dún 1989 adájọ́ wọ́gi lé òfin náà. Ó ní ẹni tó bá kà á kò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Wá wo "ọ̀rọ̀ tó lè bí ẹlòmíràn nínú" báyìí. Ọ̀rọ̀ wo nípa òṣèlú, ẹ̀sìn tàbí owó ilé ẹ̀kọ́ ni kì í bí ẹnì kan nínú? Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń bínú ló máa di adájọ́ gúrúùpù yín.

Ọ̀rọ̀_Pọ̀ · 9:35 alẹ́

Kí la tún ń fà gùn? Wọ́n ti parí ẹ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021. Ọmọbìnrin kan fi èébú sórí Snapchat nítorí wọn ò mú un sínú ẹgbẹ́ àgbà àwọn tó ń jó ṣe kóríyá fún eléré ìdárayá, ilé ẹ̀kọ́ jẹ ẹ́ níyà, ó borí wọn, adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi fóònù ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn ọgbà kò kan ilé ẹ̀kọ́. Ó tán.

Ọmọ_Amòfin · 9:51 alẹ́

Kò tán o, Ọ̀rọ̀_Pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama lọmọ yẹn wà, kì í ṣe yunifásítì. Ilé ẹjọ́ kò sì sọ pé kò kan ilé ẹ̀kọ́ rárá. Wọ́n ní ó ṣì lè kàn án bó bá jẹ́ ìfìtínà tó le sí ẹnì kan, tàbí ìdúnkookò mọ́ olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí tí ọmọ náà fi borí ni pé ọjọ́ Sátidé ló kọ ọ́, lẹ́yìn ọgbà, kò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, kò dojú kọ ẹnikẹ́ni, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló sì fi í hàn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló ń fòòró lójoojúmọ́, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa sọ.

Arìnrìnàjò · 10:05 alẹ́

Ẹ̀yin amòfin, Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń tẹ̀lé Àtúnṣe Kìíní. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 sọ ọ́ ní ìpín 19 pé kálukú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò kó sì sọ ọ́. Àdéhùn àgbáyé tó tẹ̀lé e ní 1966 wá fi kún un pé ẹ̀tọ́ náà ní ojúṣe nínú, wọ́n sì lè dín in kù, bí òfin bá ti là á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bó bá sì pọn dandan, bíi láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àti orúkọ ẹlòmíràn. Èyí ni mo fẹ́ kí Gègé mú: kí ó wà lákọsílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀, kí ó ní ìdí gúnmọ́, kí ó má sì ju ohun tí ìdí náà béèrè lọ.

Òjò_Òwúrọ̀ · 10:48 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ẹjọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí mo kọ sójú ewé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ju pé mi ò fara mọ́ kí a má lọ sí kíláàsì. Ìlà méjì péré. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kan lè bá wí. Wọ́n kàn ń rín mi ni. Ẹnì kan á fi àwòrán ẹlẹ́rìn-ín síbẹ̀, ìkejì á ní "ọmọ ọ́fíìsì ti dé", ìkẹta á ya ọ̀rọ̀ mi gbé lọ síbòmíràn, àwọn tí mi ò mọ̀ rí á sì tún tẹ̀lé e wá. Mo wà ní yàrá ìkàwé. Fóònù mi wà lórí tábìlì, ó ń gbọ̀n títí ó fi ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó ní ìdojúkọ mi ló gbá a mú kó tó já bọ́.

Mo bá pa fóònù. Nígbà tí mo wà láìsí fóònù ni wọ́n fi ìfilọ̀ síta pé tẹ́ẹ̀sì ti kúrò ní gbọ̀ngàn tí a mọ̀. Ìfilọ̀ náà kò sí níbòmíràn àfi nínú gúrúùpù tí wọ́n ti ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo pàdánù tẹ́ẹ̀sì yẹn.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí Gègé ronú sí. Bí ẹ bá kọ òfin tó ń wo ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, kò ní mú ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó kọ ju ìlà kan lọ nínú wọn. Iye wọn ló di ìyà. Ẹ sì máa ń sọ pé ẹ ò fẹ́ di ẹnu ẹnikẹ́ni. Èmi tí wọ́n lé jáde ńkọ́? Ẹnu tèmi náà kọ́ ló dí?

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ ya ìfilọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àríyànjiyàn. Gúrúùpù kan fún ìfilọ̀, ádímìn nìkan ló ń kọ síbẹ̀. Ìkejì fún ọ̀rọ̀, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sá fún wàhálà kò ní pàdánù tẹ́ẹ̀sì.

Adákẹ́dájọ́ · 10:57 alẹ́

Kú ìfaradà o. Lórí gúrúùpù méjì yìí, mo fara mọ́ ọ.

Tẹ́tẹ́rẹ́gún · 11:10 alẹ́

Èmi náà. Fún ti àwọn tó ń rọ́ lu ẹnì kan, Telegram ní ètò tó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn: ẹni tó bá ti kọ̀wé kan, ó dìgbà kan kó tó tún kọ òmíràn, láti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ títí dé wákàtí kan. Kò yan ẹni rere tàbí ẹni búburú, gbogbo yín ló kàn. WhatsApp ò ní irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè ti ẹnu gúrúùpù fún wákàtí díẹ̀ kí iná yẹn rọlẹ̀.

Kìkì pé kí ẹ kọ iye wákàtí náà sínú òfin. Mo mọ ádímìn kan tó ti tiwọn "kí ara kọ́kọ́ balẹ̀" lọ́jọ́ tí wọ́n ń bi í léèrè owó ẹgbẹ́. Kò ṣí i mọ́.

Olùkọ́_Àgbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Olùkọ́ yunifásítì ni mí, mo ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ti ya àwòrán mi ní oríṣiríṣi.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn sí méjì. Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò pa olùkọ́ rí. Ẹ̀fẹ̀ ni, gbogbo ẹni tó rí i ló mọ̀ pé ènìyàn ni. Kí ó rẹ́rìn-ín tàbí kí ó má rẹ́rìn-ín, kó máa bá iṣẹ́ lọ. "Kò wá kọ́ni" ni kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a lè yẹ̀ wò nìyẹn: ó wá ni tàbí kò wá. Bó bá jẹ́ òótọ́, olórí ẹ̀ka gan-an ló yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ irọ́, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń buwọ́ lù ní kíláàsì á jẹ́rìí. Kò sí èyí tí òfin "má sọ ọ̀rọ̀ àrífín" tún ṣe nínú méjèèjì.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà ni pé wọ́n fẹ́ kí òfin ọ̀wọ̀ bo àwọn náà mọ́lẹ̀. Èmi ní rárá. Mo ní máàkì lọ́wọ́. Ọmọ yẹn kò ní nǹkan kan àfi fóònù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ ọ́ pé olùkọ́ kan gba owó tàbí ó fọwọ́ kan ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbé ìyẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, ẹ má gbé e sínú gúrúùpù.

Ọ̀rọ̀_Pọ̀ · 7:02 àárọ̀

Ẹ forí jì mí, bàbá. Tí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ bá jẹ́ ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ olùkọ́ yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bọ́ sórí ayélujára ni wọ́n tó gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ní ká mú ẹ̀rí wá ká tó lanu, ẹ ti dá ẹjọ́ ọ̀hún tán nìyẹn.

Òjò_Òwúrọ̀ · 7:30 àárọ̀

Ọ̀rọ̀_Pọ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ ọ́ ṣe pàtàkì. "Ó ní kí n wá sí ọ́fíìsì lẹ́yìn aago mẹ́fà, ohun tó sọ rèé" yàtọ̀ sí "oníṣekúṣe ni." Èkíní, ohun tójú ẹ rí ni. Ìkejì, ìdájọ́ ni, ìkejì yẹn ni wọ́n sì fi máa ń gbé ẹni tó fẹjọ́ sùn lọ sílé ẹjọ́. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ sọ ọ́, kó tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kí ó tó tẹ ohunkóhun síta.

Olùkọ́_Àgbà · 7:41 àárọ̀

Mo fara mọ́ èyí, Òjò. Èmi ṣì ní kí ọ́fíìsì kọ́kọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹni tí ọ́fíìsì kọ etí dídi sí jà.

Ojú_Lalákàn · 8:15 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí wàhálà ti ń wá. Ìbòjú ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà nínú gúrúùpù fi orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀. Ẹ ó rí i bí ẹnu á ṣe rọ̀.

Arìnrìnàjò · 8:58 àárọ̀

Gúúsù Kòríà ṣe irú ẹ̀ fún odindi orílẹ̀-èdè. Láti 2007, ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sórí ojúlé ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹni tó jẹ́ hàn. Èébú kò lọ. Lọ́dún 2011 àwọn olè orí ayélujára wọlé sí ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, wọ́n kó àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 35 èèyàn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2012, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè wọ́gi lé e, wọ́n ní ó tako ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ìbòjú náà ní ewu tirẹ̀. Yik Yak, áàpù kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún inú ẹ̀. Kò sí orúkọ, àwọn tó wà nítòsí rẹ nìkan ló ń rí ohun tó o kọ. Ìdúnkookò àti ìfìtínà pọ̀ níbẹ̀, ó kógbá sílé lọ́dún 2017, ó sì tún padà ní 2021. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ohun tí wọn ò lè sọ lójú ọ̀rẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún Gègé: nínú WhatsApp, nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn hàn kedere. Àwọn tó kó fọ́tò ọmọbìnrin yẹn wá kò fi nǹkan bojú. Orúkọ kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀.

Ojú_Lalákàn · 9:10 àárọ̀

Kí wá ni?

Arìnrìnàjò · 9:26 àárọ̀

John Suler, tó jẹ́ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, kọ̀wé lórí ẹ̀ lọ́dún 2004. Àìfi orúkọ hàn wà lára ìdí tó kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ní pé a kì í rí ojú ara wa, a kì í sì í gbọ́ èsì lójú ẹsẹ̀. Lójúkojú, bí o bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ojú ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ yí padà, wà á mọ̀, wà á sì rọra. Nínú gúrúùpù, ẹ̀rín àwọn yòókù nìkan lò ń rí.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀la · 1:12 ọ̀sán

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba àwa tí iṣẹ́ wa ní òfin tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Minnesota ń kọ́ nípa títọ́jú òkú, ó lọ ń ṣe àwàdà sórí Facebook nípa òkú tí wọ́n fi tọrẹ fún ẹ̀kọ́. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n fìdí rẹ̀ rẹmi nínú iṣẹ́ yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì ti yunifásítì lẹ́yìn lọ́dún 2012. Torí náà, ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ ìlera, iṣẹ́ olùkọ́ tàbí ti amòfin, kó mọ̀ pé òmìnira tirẹ̀ kéré. Bí ẹ̀ka Gègé bá jẹ́ irú rẹ̀, kí olórí ẹ̀ka kọ ohun tó bá fẹ́.

Ọmọ_Amòfin · 2:03 ọ̀sán

Kì í ṣe ohun tó bá fẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Ìdí tí yunifásítì fi borí ni pé òfin náà kò fẹ̀ ju ohun tí iṣẹ́ yẹn béèrè lọ, wọ́n sì ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ́lẹ̀. Wo ti Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìrànwọ́ fáwùjọ kọ èrò ẹ̀sìn rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀ akọ sí akọ sórí Facebook lọ́dún 2015. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre ní 2019. Wọ́n ní yunifásítì lè ní òfin iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kò tọ́, kò sì sí ẹ̀rí pé ó ti fi èrò yẹn fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ tuntun tún un gbọ́.

Gègé_Wúrà · Ọjọ́rú, 7:45 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Ti ìjọba ni tiwa, Ọmọ_Amòfin, kì í sì í ṣe ẹ̀ka oníṣẹ́ ìlera.

Mo ti pe ọmọbìnrin yẹn. Ó ní bí gúrúùpù ìfilọ̀ bá wà, òun á wọ̀ ọ́, èyí tó kù ò kan òun mọ́. Mi ò bá a jiyàn.

Àwa ádímìn jókòó, ohun tí a kọ rèé. Ìfilọ̀ á dá wà. Nínú gúrúùpù ọ̀rọ̀, a ó yọ ìdúnkookò, a ó yọ ohun àṣírí ẹlòmíràn (máàkì, àdírẹ́sì, nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ àìsàn, fọ́tò tí ẹni náà kò fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀), a ó sì dá ẹni tó bá ń tẹ̀lé ẹnì kan kiri láti bú u dúró. Bí èèyàn púpọ̀ bá rọ́ lu ẹnì kan, a ó ti gúrúùpù fún wákàtí 12, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì ṣí i padà láìsí ìpàdé. A bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n kò sí ìyà lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ nípa olùkọ́, owó ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, a ò ní fọwọ́ kàn án bí kò bá ti sí ìdúnkookò tàbí àṣírí nínú rẹ̀.

Adákẹ́dájọ́ · 8:02 alẹ́

Àwòrán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á wá wà níbẹ̀? Olùkọ́ tó tó bàbá bí yín lọ́mọ? Òfin yín ò ní ojú. Mo gbà pé kí wọ́n má ṣe lé ọmọ yẹn kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ yọ àwòrán yẹn.

Tẹ́tẹ́rẹ́gún · 8:09 alẹ́

Bí ẹ bá yọ ọ́ lónìí, ọ̀la wọn á ní kẹ́ ẹ yọ ọ̀rọ̀ nípa owó.

Òjò_Òwúrọ̀ · 8:30 alẹ́

Ìbéèrè mi yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ojú akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni wọ́n lẹ orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ ńkọ́? Mo rò pé ó yẹ kó yàtọ̀. Iṣẹ́ tí olùkọ́ ń ṣe fún gbogbo yín ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọbìnrin yẹn ò ṣe ju pé ó sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ kọ ìyàtọ̀ yẹn síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á á ní àwòrán ẹ̀fẹ̀ ẹnikẹ́ni kò léèwọ̀.

Olùkọ́_Àgbà · 8:44 alẹ́

Àbá yẹn dára. Adákẹ́dájọ́, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń dùn ọ́, ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ èmi náà nìyẹn. Síbẹ̀, ìyá tàbí bàbá ọmọ náà ló yẹ kó bá a wí fún àwòrán, tàbí kí olùkọ́ yẹn pè é kó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má fi òfin ṣe é. Gègé, ta ni yóò máa pinnu ohun tó jẹ́ ìdúnkookò? Bí ádímìn kan ṣoṣo bá ni, ẹ ti kùnà.

Gègé_Wúrà · 9:01 alẹ́

A rò pé kó jẹ́ ẹni mẹ́ta láti ọdún ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn tàbí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ á yẹra.

Ojú_Lalákàn · 9:13 alẹ́

Kí ẹni tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí ìdí gbà. Lórí WhatsApp, bí ádímìn bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún gbogbo èèyàn, orúkọ ádímìn náà máa ń hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí kì í hàn. Ẹ fi ìlà kan tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀: "Máàkì ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀." Àìsọ ìdí yẹn ló máa ń bí àhesọ.

Ọmọ_Amòfin · 9:40 alẹ́

Ẹ kọ déètì sórí òfin náà, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kan ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí olórí ẹ̀ka yín lè fẹ́ fi í mú ọmọkùnrin yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ bá a ṣẹjọ́ tàbí bá àwọn tó tú máàkì síta ṣẹjọ́, kó jẹ́ lábẹ́ òfin ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ìbéèrè tí èmi á sì kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì ni bí máàkì ẹlòmíràn ṣe dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Gègé_Wúrà · 9:52 alẹ́

Ìyẹn kò tilẹ̀ sí lọ́kàn wa. Wọ́n máa ń lẹ èsì mọ́ ara ògiri pẹ̀lú orúkọ.

Ọmọ_Amòfin · 9:58 alẹ́

Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ẹ ó fi gbé òfin náà lọ fún un, pé kí wọ́n yé lẹ orúkọ mọ́ ọn. Kí ẹ sì tó pa ohunkóhun rẹ́ nínú gúrúùpù, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. WhatsApp ní ibi tí a ti ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ gúrúùpù jáde sínú fáìlì kan. Bí ọmọbìnrin yẹn bá fẹ́ fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ iwájú, yóò nílò rẹ̀.